Mofẹ́ ń béèrè ohun tó ń ṣe ọkàn rẹ̀: kí ni kí n wí?

Ìyá Mofẹ́, Ṣómólú · Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kò kàn kọ nǹkan kan rí ni. Èyí ti wá ju ohun tí mo lè dá gbé lọ.

Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 7 lóṣù tó kọjá. Oṣù 4 ló wà tí wọ́n ti rí i pé ọkàn rẹ̀ ní àléébù tí wọ́n bí i mọ́ ọn. Fallot ni wọ́n pè é. Owó iṣẹ́ abẹ la ti ń wá kiri láti ìgbà náà, Ọlọ́run sì ti ṣe é, wọ́n ti dájọ́ fún wa, ó ku ọ̀sẹ̀ 3.

Láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ni mo ti ń parọ́ fún un. Tó bá ní kí ló dé tí òun kì í lè sáré bíi tàwọn yòókù, màá ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò tíì le. Tó bá bi mí ìdí tá a fi ń lọ sílé ìwòsàn, màá ní ibà ni. Oògùn tó ń lò láàárọ̀ lálẹ́, mo ní fítámìnì ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a tò sórí ìlà nílé ìwòsàn kan, nọ́ọ̀sì kan wá sọ fún ẹnì kejì rẹ̀, ọmọ mi ń gbọ́: "Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ò dáa yẹn nìyẹn." Mofẹ́ ò wí nǹkan kan. Nínú kẹ̀kẹ́ tá a wọ̀ láti Oníipanu, kò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Àtọjọ́ náà ló ti yí padà. Ó ń gbálẹ̀ láìjẹ́ pé mo rán an. Ó ń mú ẹran orí oúnjẹ rẹ̀ fún Tóbi àbúrò rẹ̀, àwọn méjèèjì tó jẹ́ pé orí ẹja ni wọ́n ń jà sí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ó yẹ kínú mi dùn, àmọ́ ara mi ò gbà á.

Lánàá ló wá wò mí lójú, ó ní: "Mọ́mì, tí wọ́n bá là mí, ṣé mo máa dáa?" Ilé ìdáná ni mo sá wọ̀. Mo lọ ń ro ewédú tó ti jinná.

Kí ni mo fẹ́ sọ fún ọmọ ọdún 7? Ṣé kí n tiẹ̀ sọ ọ́ ni? Bàbá rẹ̀ ní ká dákẹ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ náà.

Màmá Àgbà, Ìsàlẹ̀ Èkó · Ọjọ́ Ajé, 9:58 alẹ́

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Olúwa á bá ọ gbé e.

Èmi ò ní tan ọ́: má sọ fún un. Ẹrù àgbà kọ́ lọmọdé ń gbé. Mo tọ́ ọmọ 6, mo ti gbé ọmọ-ọmọ pọ̀n tí mi ò lè kà á mọ́, kò sí èyí tí mo pè jókòó pé wá gbọ́ àìsàn rẹ. Jìnnìjìnnì lo máa kó bá a, ọkàn tí ẹ sì ní kò lágbára, òun náà lẹ tún fẹ́ máa dẹ́rù bà. Ra bisikíìtì fún un, gbé e lọ, kó jí, kó rí i pé ó ti tán.

Ìyá Ìyanu, Agége · Ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́

Mo ti Màmá lẹ́yìn. Má fi ẹnu ara rẹ pe àìsàn mọ́ ọmọ lára. Sọ fún un pé ara rẹ̀ ti yá, kó ní ara òun ti yá. A máa bá yín gbàdúrà.

Ìyá Ràṣídì, Mushin · Ọjọ́ Ajé, 10:31 alẹ́

Màmá, mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ o, àmọ́ mi ò gbà. Ìyá Ìyanu, àdúrà kò ní kí ọmọ má mọ ohun tí wọ́n ń gbàdúrà lé lórí.

Ti Ràṣídì, ihò ló wà lára ògiri tó pín ìsàlẹ̀ ọkàn sí méjì. Dókítà ní irú rẹ̀ ló wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo àléébù ọkàn tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ. Ọmọ ọdún 5 ni nígbà tí mo sọ fún un. Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́, torí mo bà á jẹ́ ni.

Mo ní, "Ihò wà nínú ọkàn ẹ." Ó ní, "Hẹ̀ẹ́n." Mo rò pé ó ti parí. Lẹ́yìn bí ọjọ́ 4 mo rí i pé ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó gbomi rù. Tó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ìdí ló fi ń wọ́. Alẹ́ ọjọ́ kan mo ń wẹ̀ ẹ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo àyà. Mo ní kí ló dé? Ó ní kí omi má bàa gba ojú ihò náà wọlé. Ó wá ní tóun bá ń fò, ẹ̀jẹ̀ á máa jò jáde.

Ẹ̀yin èèyàn mi, a ní korobá kan nílé tó ti lu nísàlẹ̀, ọṣẹ ni mo fi ń dí i. Korobá yẹn lọmọ mi fi wo ara rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún sunkún, pẹ̀lú kànrìnkàn lọ́wọ́ mi.

Ni mo bá mú ìwé, mo ya ilé oníyàrá 4, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Mo ní ìwọ wo ògiri ìta, kò sí ihò kankan níbẹ̀, nǹkan kan ò lè jò síta. Ògiri tó wà láàárín yàrá méjì ìsàlẹ̀ yìí ni wọn ò mọ tán. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gba ẹnu ọ̀nà jáde ń yà sí yàrá ẹnì kejì, ló fi jẹ́ pé ó tún ń padà síbi tó ti lọ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kó rẹ̀ ọ́. Ó fi kréyọ̀nù dí ojú ihò náà fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó ti ń fò.

Nítorí náà ẹ sọ ọ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti sọ ọ́, ẹ ní kóun náà sọ ọ́ padà fún yín, ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ohun tó gbọ́.

Bàbá Ṣèyí, Bàrígà · Ọjọ́ Ajé, 11:02 alẹ́

Ìyá Ràṣídì, ilé oníyàrá 4 yẹn dára, àmọ́ Fallot kì í ṣe ihò nìkan. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní in. Nǹkan 4 ló kóra jọ. Ihò ń bẹ níbẹ̀ lóòótọ́. Páìpù tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró wá há. Páìpù ńlá tó ń gbé e lọ sí gbogbo ara kò sí ní ojú ibi tó yẹ, orí ihò náà ló jókòó lé. Ẹran ọkàn lápá ọ̀tún sì nípọn jù, torí pé ó ń fi agbára ti ẹ̀jẹ̀ gba ibi tóóró.

Ẹ̀rọ omi ni mò ń tún ṣe, ohun tó sì yé ọmọ Èkó nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ilé ló ní ẹ̀rọ tó ń fa omi sí táńkì. Ẹ sọ fún un pé ọkàn ni ẹ̀rọ náà. Páìpù kan ti há, omi ìdọ̀tí àti omi mímọ́ wá ń dà pọ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà sì ń bọ̀ wá tún un ṣe. Mo mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ síbi tí mo ti tú ẹ̀rọ kan palẹ̀, mo fi páìpù tó há hàn án, ó fi ìka rẹ̀ bọ̀ ọ́. Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Ìyá Ìbejì, Ajégúnlẹ̀ · Ọjọ́ Ajé, 11:20 alẹ́

Mò ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan. Kẹ́yìndé mi, ọmọ ọdún 3, tó bá ti sáré díẹ̀ á lóṣòó sílẹ̀, á máa mí gùlegùle. Bàbá wọn ní ìṣekúṣe ni, ó máa ń jágbe mọ́ ọn pé kó dìde. Ṣé ó lè jẹ́ nǹkan?

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé, Yábàá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:15 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ṣe, inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń kọ èyí, ẹ fojú fo àṣìkọ mi.

Ìyá Ìbejì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jágbe mọ́ ọmọ yẹn mọ́. Lílóṣòó tí ọmọ máa ń lóṣòó yẹn, ara rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ó ń há ẹ̀jẹ̀ mọ́ ní ẹsẹ̀, ìyẹn sì ń jẹ́ kí púpọ̀ sí i gba ẹ̀dọ̀fóró kọjá. Ẹ wo ahọ́n rẹ̀ àti èrìgì rẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, torí pé lára àwa aláwọ̀ dúdú, ètè lásán lè tan èèyàn jẹ. Tí wọ́n bá dú bí aró, tàbí tí wọn ò tiẹ̀ dú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ọ̀sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣe echo fún un, ìyẹn ni pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọkàn rẹ̀. Tó bá wá ṣẹlẹ̀ lójijì pé ó dú, tó ń mí kíákíá, tó ń ké tí kò dákẹ́, ẹ gbé e mọ́ra, ẹ ká orúnkún rẹ̀ méjèèjì mọ́ àyà rẹ̀, ẹ fohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì máa gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ẹ ò gbọ́dọ̀ dúró de àárọ̀.

Ìyá Mofẹ́, ẹ bá mi forí jì í, ẹni tó sọ̀rọ̀ níwájú ọmọ. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ọmọ ṣe gbọ́ ọ: "ọkàn rẹ̀ ò dáa." Nínú èdè wa, ta ni ọkàn rẹ̀ kì í dáa? Ìkà. Ẹni tó ń ṣe ìlara. Ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń pe èyí tó ń lù nínú àyà, òun náà la fi ń pe inú èèyàn. Ẹ wá wo ẹran tó ń pín. Ẹ wo ilẹ̀ tó ń gbá. Ẹ tún ka ìbéèrè tó bi yín: "ṣé mo máa dáa?" Ẹ̀yin gbọ́ ọ pé ṣé ara òun máa yá. Mi ò rò pé ohun tóun ń béèrè nìyẹn.

Èmi, mo máa ń pín in sí méjì kí n tó ya àwòrán kankan. Màá mú ọwọ́ ọmọ lé àyà rẹ̀. "Èyí tó ń lù kì-kì-kì yìí, ẹran ni. Di ìkúùkù ẹ kí n rí i. Bó ṣe tóbi tó nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ti ẹ̀jẹ̀ kiri ara, òun ni wọ́n fẹ́ tún ṣe. Èyí tó ń fẹ́ràn Mọ́mì, tó ń bínú, tó ń ṣàánú, kò sóhun tó ṣe ìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án." Kì í gbà ju ìṣẹ́jú 2 lọ.

Bàbá Ṣèyí, ẹ ṣé, ẹ̀rọ omi yẹn dáa. Ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí ni mi ò fẹ́. Ọmọ kan ní wọ́ọ̀dù wa kọ̀ kí àbúrò rẹ̀ mu nínú ife rẹ̀ torí ọ̀rọ̀ yẹn, ó ní ẹ̀jẹ̀ òun dọ̀tí. Ẹ̀jẹ̀ tó ti lo afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán ni, tó ń lọ gba òmíràn ní ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ tún sọ fún àbúrò Mofẹ́ pé kì í ranni.

Ọ̀rọ̀ kan tún ń bẹ tí ẹ ní láti ṣọ́: "sùn". Ẹ wo ògiri àdúgbò yín, ẹ wo ìwé ìkéde òkú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú fọ́tò bàbá àgbà: Ó sùn nínú Olúwa. Ọmọ ọdún 7 ti mọ̀wé kà. Ẹ wá ní wọ́n á fún un lábẹ́rẹ́, á sì sùn. Oorun oògùn ni kẹ́ ẹ pè é. Ẹ ní kì í ṣe irú ti alẹ́, kò ní gbọ́ ariwo, kò ní mọ ìrora. Dókítà kan sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó máa ṣọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tí wọ́n bá parí, wọ́n á dá oògùn náà dúró, á sì jí.

Ẹ má sọ pé kò ní dùn ún. Abẹ́rẹ́ á ta á bí ìjàlọ, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Tó bá jí, rọ́bà tó ń bá a mí á wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jọ fi ìka ṣe àmì tí ẹ máa fi máa sọ̀rọ̀: ọ̀kan ni bẹ́ẹ̀ ni, méjì ni bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ti ọjọ́: àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ti pẹ́ jù, ẹ bá mi sọ fún Dádì Mofẹ́. Ọmọ ọdún 3 tàbí 4, ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú tó fún un. Ọmọ ọdún 7, ẹ fún un ní bí ọ̀sẹ̀ kan lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Àmọ́ ti ọkàn fúnra rẹ̀, òní ni.

Mo ti dé ibùdókọ̀ mi.

Ìyá Mofẹ́, Ṣómólú · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:02 àárọ̀

Ha. Nọ́ọ̀sì. Ẹran yẹn. Mo ń ka èyí, ara mi ń gbọ̀n.

Tó bá wá bi mí pé ta ló bà á jẹ́ ńkọ́? Ìyá ọkọ mi sọ ọ́ níṣojú rẹ̀ rí pé èmi ni mo ń rìn ní ọ̀sán gangan nínú oyún.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé, Yábàá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:20 àárọ̀

Kó tó di pé oyún pé ọ̀sẹ̀ 8 ni ọkàn ọmọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tò tán, obìnrin mìíràn ò tíì mọ̀ pé òun lóyún nígbà yẹn. Oòrùn kọ́. Nínú ọmọ 1,000 tí wọ́n bí níbikíbi láyé, ó ń lọ sí 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí irú nǹkan báyìí ń ṣe. Ìtọ̀ súgà tí ìyá kò tọ́jú lè fà á, àrùn rùbẹ́là tó jọ èéyí lè fà á nígbà oyún, ó sì lè bá àrùn Down rìn, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í rí ìdí kankan. Fún Mofẹ́: "Bó ṣe ń dàgbà nínú mi ló ti rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bà á jẹ́. Ìwọ náà kọ́." Kó má gbọ́ "èmi kọ́" nìkan, kó gbọ́ "ìwọ kọ́".

Mo ń lọ sùn. Oorun alẹ́ o.

Ọmọ Akọ́ka · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀yin òbí. Mo ń kàwé lọ́wọ́ ní Akọ́ka, ọmọ ọdún 23 ni mí. Fallot ni wọ́n bí mọ́ èmi náà, Íńdíà ni wọ́n ti ṣe tèmi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 9. Mo fẹ́ sọ bó ṣe ń rí fún ẹni tó wà nínú rẹ̀.

Wọn ò sọ fún mi. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Wọ́n ní ìsinmi la ń lọ lò. Mo ti polongo rẹ̀ ní kíláàsì, mo ti ṣèlérí ṣokoléètì fún ẹni mẹ́ta. Aṣọ ọdún mi ni mo kó sínú báàgì, pẹ̀lú bàtà tó ń tan iná. Ọjọ́ kejì tá a débẹ̀ ni wọ́n bọ́ gbogbo rẹ̀ kúrò lára mi. Nígbà tí mo jí, rọ́bà wà lẹ́nu mi, mi ò lè pariwo, mo rò pé wọ́n ti yọ ohùn mi ni. Lẹ́yìn tí wọ́n fà á yọ, mi ò bá mọ́mì mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ 2. Kì í ṣe torí ìrora. Torí ìsinmi yẹn ni. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n bá ní ká múra ká lọ sí ayẹyẹ, màá kọ́kọ́ yọ́ lọ yẹ báàgì mọ́mì wò bóyá káàdì ilé ìwòsàn wà níbẹ̀.

Ohun tí wọn ò sọ, mo fi tara mi dí i. Mo ti jí súgà kan lá lọ́mọ ọdún 6. Súgà yẹn ni mo gbà pé ó fà á. Mi ò sọ ọ́ fẹ́nì kankan títí mo fi wọ JSS 2.

Màmá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ní kó jí kó rí i pé ó ti tán. Kì í tán bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti tún un ṣe, mo ń gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀díẹ̀, àmọ́ mo ṣì ń lọ fún echo, màá sì máa lọ títí ayé. Ọmọ tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè dá a dúró nígbà tó bá di ọ̀dọ́. Eyín náà wà ńbẹ̀: kòkòrò ẹnu lè bá ẹ̀jẹ̀ dé ọkàn, ó yẹ kó mọ ìdí tí ẹ fi ń pariwo búrọ́ọ̀ṣì lé e lórí.

Ẹ sọ ti ojú àpá náà ṣáájú. Àárín àyà ló máa wà, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń pe tèmi ní síìpù. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọmọ tó fẹ́ràn ìtàn, ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n sọ fún mi nígbà yẹn ń bẹ. Fallot kì í ṣe orúkọ nǹkan burúkú, dókítà ará Faransé tó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1888 ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1944 ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ tó ran irú wa lọ́wọ́, ní Baltimore ní Amẹ́ríkà. Dókítà Blalock ló mú ọ̀bẹ, Dókítà Helen Taussig, obìnrin tí etí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́rọ̀, ló wà nídìí èrò náà. Ẹni tó sì dúró lẹ́yìn Blalock, tó ń sọ fún un bó ṣe máa rán an, ni Vivien Thomas, ọkùnrin adúláwọ̀ tí kò lọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn rárá, òun ló ti fi ajá kọ́ ọ títí ó fi mọ̀ ọ́n. Níbí, Enugu ni wọ́n ti kọ́kọ́ la ọkàn ní 1974. Ká ní mo mọ̀ pé àwọn kan ti ṣe é ṣáájú mi! Èmi nìkan ni mo rò pé ó ń ṣe láyé.

Màmá Àgbà, Ìsàlẹ̀ Èkó · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí.

Ọmọ Akọ́ka, mo ti ka tìrẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní àbúrò obìnrin kan nílé wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Ètè rẹ̀ máa ń dú bí aró. Tá a bá ń ṣeré níwájú ilé á lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ti ọmọ Ìyá Ìbejì yìí gẹ́lẹ́. Àbíkú ni wọ́n pè é. Málọmọ́ lorúkọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́, wọ́n á máa bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó dúró, bíi pé òun ló ń di ẹrù. Kò ju ọmọ ọdún 8 lọ tó fi kú. Ó máa ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ibo ni wọ́n ní mo ń lọ?" Mi ò rántí rẹ̀ mọ́ fún nǹkan bí 50 ọdún, àfìgbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín.

Ó dáa, ẹ sọ fún un. Ṣùgbọ́n mi ò tíì gbà pé ọmọ ọdún 7 nílò gbogbo ọ̀rọ̀ páìpù yìí. Ẹ sọ ọ́ níwọ̀nba.

Tíṣà, Sùúrùlérè · Ọjọ́rú, 5:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má gbàgbé ilé ẹ̀kọ́ o. Mo ti fìyà jẹ ọmọ kan rí torí pé ó ń jókòó sílẹ̀ lórí ìlà àárọ̀. Ìyá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún wa, kò fẹ́ kí wọ́n máa pe ọmọ òun ní aláìsàn. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé fún tíṣà: ohun tó lè ṣe, ohun tí kò lè ṣe, ohun tí wọ́n máa ṣe tó bá dú. Kẹ́ ẹ sì bi Mofẹ́ fúnra rẹ̀ ohun tó fẹ́ káwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ mọ̀. Òun ló ni ọ̀rọ̀ náà.

Bàbá Ṣèyí, Bàrígà · Ọjọ́rú, 8:12 alẹ́

Nọ́ọ̀sì, mo gba ti ìdọ̀tí yẹn. Mo ti pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé kì í ṣe ìdọ̀tí, pé èmi ni mi ò mọ̀.

Ìyá Mofẹ́, Ṣómólú · Ọjọ́bọ̀, 9:25 alẹ́

Mo ti sọ ọ́.

Mo dúró kí wọ́n mú iná lọ kí àbúrò rẹ̀ lè sùn, a jókòó sí ìta lórí ẹní. Mo mú páálí inú tíṣù tó ti tán, mo fi ojú kan lé àyà mi, mo ní kó fi etí sí ojú kejì. Ó gbọ́ ọ. Ó ní, "Ó ń sọ̀rọ̀!" Èmi náà gbọ́ tirẹ̀. Mo ní èyí ni dókítà fẹ́ tún ṣe, ẹran tó tó ìkúùkù ẹ. Mo wá sọ ti ìkejì, bí Nọ́ọ̀sì ṣe ní kí n sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pé ìyẹn dáa, pé láti ọjọ́ tí mo ti bí i ló ti dáa.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Èmi kọ́ ni mo burú?" Mo ní kì í ṣe ìwọ. Ó ní, "Kí Tóbi dá ẹran mi padà nígbà yẹn."

Mo ya ilé oníyàrá 4. Màmá Àgbà, ẹ má bínú, òun fúnra rẹ̀ ló béèrè ibi tí páìpù gbà. Mo jẹ́wọ́ ti ẹsẹ̀, ti ibà, ti fítámìnì. Ó ní òun mọ̀ pé kì í ṣe fítámìnì, pé ti Tóbi ń dùn.

Ibi tí mo ti kọsẹ̀: ó bi mí bóyá òun máa kú. Mo fẹ́ sọ pé rárá, ẹnu mi ò gbé e. Mo ní wọ́n ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọmọ, wọ́n fẹ́ ṣe tìẹ náà kó o lè pẹ́ láyé, mi ò sì ní kúrò nílé ìwòsàn náà. Mi ò mọ̀ bóyá ó tọ́. Ó gbórí lé mi lẹ́sẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ń gbọ́ wa láti ojú fèrèsé. Láàárọ̀ yìí mo bá a níbi tó ti ń fi páálí yẹn gbọ́ àyà Mofẹ́.

Ó ní kí n bi Nọ́ọ̀sì: ṣé ọmọlangidi òun lè bá òun wọ tíátà?

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé, Yábàá · Ọjọ́bọ̀, 10:03 alẹ́

Ohun tẹ́ ẹ sọ lórí ikú yẹn tọ́. Èmi náà ì bá má sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti ọmọlangidi: ẹ bi wọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ máa wọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, a máa ń jẹ́ kó sin ọmọ dé ẹnu ilẹ̀kùn tíátà, á sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bá gbé e padà dé wọ́ọ̀dù. Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a kó gbẹ dénú, kẹ́ ẹ kọ orúkọ Mofẹ́ sí i lẹ́sẹ̀.

Ìyá Mofẹ́, Ṣómólú · Ọjọ́ Ẹtì, 7:48 àárọ̀

Ó ti wà lórí okùn. Òun ló fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, ó sì ti fi báírò pupa fa síìpù sí i láyà.